Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Ka Ojú Ara Ẹni Kí Abẹ́rẹ́ Tó Kàn Án

Bí ẹnìkan nínú wa ní Abíjàn bá ń wá ẹni tó máa bá òun fi kún ètè, gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè tàbí pa ìhunjọ iwájú orí rẹ́, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi darí rẹ̀ sí Biétry. Àdúgbò olówó ni, lẹ́bàá ọ̀sà Ébrié, ní Marcory. Ó bá Zone 4 pààlà, kò sì jìnnà sí Treichville, níbi tí àwọn ará Ẹ̀jìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn ti ń ṣòwò láti ayé àwọn bàbá wa. Ẹni tó ń bọ̀ láti Cocody náà rí ọ̀nà kúkúrú gbà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí afárá Henri Konan Bédié ní 2014. Ilé ìwòsàn aládàáni wà ládùúgbò yìí, ilé ìṣaralóge wà níbẹ̀, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé èèyàn ò lè fi ojú lásán mọ èwo ni wọ́n ń ṣe nínú méjèèjì.

Orí yìí kò ní kí ẹ lọ, kò sì ní kí ẹ má lọ. Ojú yín ni, owó yín ni. Iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe ni láti kọ́ yín bí ẹ ṣe lè ka ojú ara yín kí ẹ tó jókòó sórí àga ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà lójú ara rẹ̀, ohunkóhun tí oníṣẹ́ ìṣaralóge bá tọ́ka sí níbẹ̀ pé kò dáa ló máa gbà gbọ́. “Àǹtí, imú yín ló fẹ̀ díẹ̀ yìí o, ká kàn bá yín fún un.” Ta ló wọ̀n ọ́n? Kí ló fi wọ̀n ọ́n?

Ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé kiri

Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ìbáà jẹ́ ti Faransé tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n kan náà ló sábà máa ń wà nínú wọn. Lóòró, wọ́n pín ojú sí mẹ́ta: láti ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀ dé àárín irun òkè ẹyinjú méjèèjì, láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ imú, láti ìsàlẹ̀ imú dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Wọ́n ní kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ní ìbú, wọ́n pín in sí márùn-ún, kí ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìbú ẹyinjú kan. Àlàfo tó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì ní láti gba ẹyinjú kẹta, ìsàlẹ̀ imú kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju àlàfo yẹn lọ. Ètè ìsàlẹ̀ ní láti nípọn ju ti òkè lọ, bí 1.6 sí 1. Bí wọ́n bá wá wo èèyàn láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n á fa ìlà láti ṣóńṣó imú dé ṣóńṣó àgbọ̀n, wọ́n á ní kí ètè má yọ kọjá ìlà náà. Robert Ricketts, oníṣègùn eyín ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìlà yìí.

Bí a bá gbé ọ̀pọ̀ ìyá wa lé ìwọ̀n yìí, imú wọn á féèlì, ètè wọn á féèlì, ìlà Ricketts á sì gba àárín ètè wọn kọjá. Ṣé ojú ló burú ni, àbí ìwọ̀n?

Ìwọ̀n ni. Ara ère àwọn Gíríìkì àti ìwé àwọn ayàwòrán Yúróòpù bíi Leonardo da Vinci ni púpọ̀ nínú òfin wọ̀nyí ti wá. Èrò oníṣẹ́ ọnà nípa ẹwà ni. Nígbà tí Leslie Farkas, oníṣègùn ní Toronto lórílẹ̀-èdè Kánádà, wá gbé irin ìwọ̀n, tó wọn ojú àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun ní Àríwá Amẹ́ríkà, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1985, ó rí i pé ọ̀pọ̀ òfin náà kò bá ojú àwọn òyìnbó fúnra wọn mu. Ní 2005, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wọn èèyàn 1470 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 30, àwọn ọmọ Áfíríkà wà nínú wọn. Imú àwọn èèyàn dúdú àti ti àwọn ará Éṣíà fẹ̀ ju ti aláwọ̀ funfun lọ dáadáa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní àìsàn.

Ẹ tún lè gbọ́ nípa nọ́ḿbà 1.618. Stephen Marquardt, dókítà kan ní California, fi nọ́ḿbà yìí ya ìbòjú kan, ó ní ojú tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ni ojú tó rẹwà ní gbogbo ayé. Àwọn kan ṣì ń gbé e sórí fóònù di òní, wọ́n á ya ojú yín, wọ́n á fún yín ní máàkì bíi ti ọmọ iléèwé. Ní 2008, Erik Holland yẹ ìbòjú náà wò nínú ìwé àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹwà. Ó ní ojú àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun tó jọ afìmúra-polówó-aṣọ ló bá mu jù, kò sì bá ojú àwọn ọmọ Áfíríkà mu. Tí wọ́n bá fi ìbòjú yìí hàn yín ní kíníìkì, ẹ lè fi ṣe ẹ̀rín, ẹ má fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ní 1990, Judith Langlois àti Lori Roggman fi kọ̀ǹpútà da àwòrán ojú ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ di ojú kan ṣoṣo. Àwọn tó wò ó ní ojú àdàpọ̀ náà fani mọ́ra ju ọ̀pọ̀ jù lọ ojú tí wọ́n fi dà á. Lójú tèmi, ohun tó ń sọ fún wa ni pé ojú tó bá súnmọ́ àárín gbùngbùn àwọn ojú tí a ń rí lójoojúmọ́ la máa ń pè ní arẹwà. Ẹni tó wá ń fi wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ wo ojú àjèjì lórí Instagram, àárín gbùngbùn rẹ̀ á ṣí kúrò ní Treichville láìmọ̀.

Àwa náà kò ṣàìní ìwọ̀n tiwa. Agbẹ́gilére Yorùbá mọ̀ pé orí èèyàn kò ju bí ìdá kan nínú méje ara lọ, síbẹ̀ ó máa ń gbẹ́ ẹ tó ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí orí lọ̀gá. Ère idẹ tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀, n’Ílé-Ifẹ̀, ní 1938, imú wọn fẹ̀, ètè wọn kún, ètè náà sì létí. Àwọn Baoulé, ẹ̀yà kan ní orílẹ̀-èdè yìí, ní ìbòjú tí wọ́n ń pè ní mblo, tí wọ́n fi ń ya ojú ẹni tí wọ́n bọlá fún: iwájú orí gíga, ẹyinjú tó wolẹ̀, ẹnu kékeré. Àwọn ọmọ Côte d’Ivoire tún dá ìdíje Awoulaba sílẹ̀ fún obìnrin tó sanra dáadáa. Èjì tó wà lẹ́nu ọmọbìnrin wa ńkọ́? Oníṣègùn eyín kan lè fẹ́ dí i. Ìyá rẹ̀ á ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò.

Òwú, dígí àti fóònù

Ẹ dúró síwájú dígí ńlá, kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé máa bọ̀ láti iwájú yín. Ẹ má lo iná orí àjà, torí iná tó ń ti òkè bọ̀ máa ń gbẹ́ kòtò sábẹ́ ẹyinjú ẹni tí kò ní kòtò rárá. Ẹ nu àtíkè kúrò, ẹ di irun sẹ́yìn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ mú òwú ìránṣọ, ẹ nà án láti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ dé àárín irun òkè ẹyinjú, ẹ gé e. Ẹ gé èkejì láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ imú, kí ẹ sì gé ìkẹta láti ìsàlẹ̀ imú dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Ẹ tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Wọn kò ní dọ́gba. Láàárín wa, kò yani lẹ́nu bí ìkẹta bá gùn jù. Bí ó bá jẹ́ àkọ́kọ́ ló gùn, tó sì ń gùn sí i lọ́dọọdún, ẹ wo etí irun yín dáadáa: irun dídì tó le àti wíìfù tí wọ́n ń fà líle ló ń jẹ irun iwájú orí. Kò sí abẹ́rẹ́ ojú tó máa wo ìyẹn. Ẹ sọ fún onídìrí pé kó dẹ ọwọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi páálí bo ìdajì ojú, ẹ wò ó, ẹ bo ìdajì kejì. Ẹ máa rí ojú èèyàn méjì. Ẹyinjú kan ga díẹ̀, apá ibi tí ẹ fi ń jẹun nípọn jù, ihò imú kan tóbi. Bẹ́ẹ̀ ni ojú gbogbo èèyàn ṣe rí. Ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣáájú ni pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wo dígí ju bí ẹ ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀, ẹ máa rí wíwọ́ tó ti wà níbẹ̀ láti kékeré, ẹ ó sì máa bá dókítà jà lórí ohun tí kò ṣe.

Ọ̀rọ̀ fóònù wá kù, èyí sì ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ní 2018, àwọn dókítà ní Rutgers, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe ìṣirò bí fọ́tò tí èèyàn na ọwọ́ yà fúnra rẹ̀ ṣe ń yí imú padà. Bí kámẹ́rà bá wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí ojú, imú máa ń dà bíi pé ó fẹ̀ tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe máa rí bí kámẹ́rà bá wà ní mítà kan ààbọ̀. Ohun tó súnmọ́ kámẹ́rà ló ń tóbi, imú ló sì ṣíwájú. Àìmọye èèyàn ló ti gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ bá dókítà pé kó bá òun dín imú tí kámẹ́rà fẹ̀ kù. Ẹ gbé fóònù fún ọmọ yín, kó lọ dúró lọ́nà jíjìn tó gígùn ibùsùn kan, kó fi zoom fa ojú yín súnmọ́, kó yà yín láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, láti ẹ̀gbẹ́ òsì, àti ní ìlàjì ẹ̀gbẹ́. Kó tún yà yín níbi tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Fọ́tò wọ̀nyí ni kí ẹ gbé lọ, pẹ̀lú fọ́tò yín nígbà tí ẹ wà ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Fọ́tò òṣèré fíìmù kankan kò wúlò níbẹ̀. Ohun tó yẹ ni ló yẹ ni. Okùn ọrùn kò yẹ adìẹ.

Ibi kan ń fa ibi kejì

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Treichville wọ kíníìkì ní Biétry, ó ní ètè òun yọ jù, kí wọ́n bá òun wá nǹkan ṣe sí i. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní kọ́kọ́ wo ètè. Ó máa ní kó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wo àgbọ̀n rẹ̀. Bí àgbọ̀n bá wọlé sẹ́yìn, ètè á dà bíi pé ó yọ ju bó ti yẹ lọ; bí wọ́n bá fi filler díẹ̀, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kún abẹ́ awọ, gbé àgbọ̀n síwájú, ètè á padà sáyè rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bákan náà, imú tí àwọn èèyàn ń pè ní fífẹ̀, igi imú tó lọ sílẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì dín imú rẹ̀ kù dé ìwọ̀n àlàfo ẹyinjú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á ṣàdédé fẹ̀, ètè rẹ̀ á tóbi lójú, á tún pa dà wá pé kí wọ́n dín ètè náà kù. Iṣẹ́ tí kò lópin nìyẹn, owó rẹ̀ náà kò sì lópin.

Ní ti ètè, ìwọ̀n 1 sí 1 ló súnmọ́ tiwa: ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ nípọn bákan náà tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà. Ẹni tó bá fi 1.6 sí 1 kún ètè èèyàn dúdú, ètè ìsàlẹ̀ ló máa wú, á sì jábọ́ síwájú. Bí ọjọ́ orí bá ti ń mú ètè yín tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ létí ètè ti tó.

Àgbà kì í dé sójú wa bó ṣe ń dé sójú òyìnbó. Àwọ̀ dúdú ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn, nítorí náà ìhunjọ wẹ́wẹ́ kì í tètè yọ. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ hàn ni kòtò abẹ́ ẹyinjú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀, àti ìlà tó ti ẹ̀gbẹ́ imú lọ dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ọ̀pọ̀ ló máa ní kí wọ́n dí ìlà yẹn ní tààrà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó já wálẹ̀ ló fà á. Bí wọ́n bá fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní agbára níwọ̀nba, ìlà á rọ̀ fúnra rẹ̀. Botox ní tirẹ̀ kì í kún ibì kankan. Iṣan tó ń fa awọ hunjọ ló ń mú sinmi, iwájú orí àti igun ẹyinjú ni wọ́n sì ń lò ó fún jù. Bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa ń lò. Filler tí wọ́n fi hyaluronic acid ṣe lè lo oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ààbọ̀, ó wà lọ́wọ́ irú rẹ̀ àti ibi tí wọ́n fi sí.

Awọ wa àti ewu tó jẹ́ tirẹ̀

Kò sí ìwọ̀n tó máa wúlò lójú tí ara bíbó ti bà jẹ́. Ní 2015, ìjọba Côte d’Ivoire fòfin de ìpara tí wọ́n fi ń bóra: èyí tó ní mercury, èyí tó ní cortisone, àti èyí tí hydroquinone inú rẹ̀ ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ lọ sí ọjà Adjamé, ẹ wò ó bóyá ọjà gbọ́. Ẹni tó bá ti ń fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ bóra, ohun tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní tchatcho, kó sọ fún dókítà kó tó fọwọ́ kàn án, nítorí cortisone máa ń jẹ́ kí awọ tín-ín-rín, kí egbò má sì tètè jinná.

Bí ẹ bá ní àpá tó máa ń wú lẹ́yìn egbò, bóyá létí níbi tí wọ́n ti lu yẹtí, tàbí bí ilà ojú yín, pélé ni o, àbàjà ni o, bá ga ju awọ lọ, ẹ fi han dókítà. Iṣẹ́ abẹ lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba ìrònú méjì. Lésà tí wọ́n ṣètò fún awọ funfun lè jó awọ dúdú, ó sì lè fi àmì dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ bi í pé: èèyàn dúdú mélòó ló ti lo ẹ̀rọ yìí fún? Kó fi fọ́tò wọn hàn yín. Bí fọ́tò òyìnbó nìkan ló bá ní, ẹ dìde.

Lórí àga

Ẹ béèrè bóyá dókítà ni ẹni tó fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́. Ní Côte d’Ivoire, orúkọ dókítà gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ Ordre National des Médecins, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wádìí rẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ funfun kò sọ ẹnikẹ́ni di dókítà, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí ọlọ́jọ́ méjì tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri. Kí wọ́n ṣí páálí oògùn lójú yín. Ẹ ka orúkọ, ẹ ka ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Bí wọ́n bá ní sílíkónì olómi ni, ẹ má gbà. Kò ṣeé yọ, ó sì lè rìn lọ síbòmíràn nínú ara. Ẹ̀rọ tí kò ní abẹ́rẹ́, tó ń fi agbára ńlá ti filler wọ ètè, ni àjọ FDA tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2021. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó fún yín nílé.

Ìbéèrè kan wà tó ṣe pàtàkì ju iye owó lọ: “Dókítà, ṣé hyaluronidase wà níbí lónìí?” Òun ni oògùn tó ń tú filler tí wọ́n fi hyaluronic acid ṣe ká. Bí filler bá wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, awọ ibẹ̀ lè kú. Ní igi imú àti àárín irun òkè ẹyinjú, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ so mọ́ ti inú ẹyinjú, filler tó bá gba ibẹ̀ lọ lè fọ́ni lójú. Àmì rẹ̀ ni ìrora tó kọjá ti abẹ́rẹ́ lásán, awọ tó ràn bí àwọ̀n, tàbí ojú tó ń ṣú. Lára aláwọ̀ funfun, ibẹ̀ máa ń funfun báláú. Lára tiwa, èyí kì í hàn dáadáa, nítorí náà ẹ fi ìka tẹ ibẹ̀, ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ wò ó bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe yára padà tó, ẹ sì wo inú ètè àti èrìgì. Bí ìkankan nínú àmì wọ̀nyí bá yọ, ẹ má lọ sílé lọ fi omi tútù sí i. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́. Dókítà yẹn gan-an ni kí ẹ padà bá lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí, ilé ìwòsàn ńlá CHU de Treichville kò jìnnà sí Biétry.

Aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, kí wọ́n ní sùúrù. Ẹni tó sì fẹ́ ṣe é nítorí ìgbéyàwó, kó má fi í sí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, torí ojú lè wú, ó sì lè dú fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibì kan ṣoṣo, kí ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ kí ẹ tó béèrè fún òmíràn.

Bí dókítà bá wo ojú yín látòkè délẹ̀, tó ní òun kò rí ohun tó yẹ kí òun fọwọ́ kàn níbẹ̀, ẹ má bínú, ẹ má sì sáré lọ bá ẹlòmíràn ní Zone 4. Ẹ san owó àyẹ̀wò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ḿbà rẹ̀ pamọ́.